Irun Àgbò, Irun Ìgalà

Orúkọ Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe tèmi.

Èmi, Sàláwù Àkànbí Gàrúbà, tí wọ́n bí ní Àpòmù, tí mo sì fi Ìkirè ṣe ibùgbé, tí tàgbà tèwe mọ̀ sí Sàláwù Télọ̀, ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Ara mi le níwọ̀n bí ara àgbà ṣe ń le. Ọpọlọ mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá sí ojú fèrèsé mi; bí n kò bá fi òwú náà wọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò, kó fa ìwé yìí ya. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó fi oúnjẹ tàn mí. Ìwé yìí ni ìwé ìhágún mi, kò sí òmíràn ṣáájú rẹ̀.

Olúwadùnsìn, agbẹjọ́rò tó ń bá mi kọ ọ́, ti sọ fún mi pé ìwé ìhágún kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń tàkúrọ̀sọ. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó bá ti kú kò ní ibòmíràn tí yóò ti tà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ lọ.

Kí gbogbo yín mọ̀ pé ọkàn tó fúyẹ́ ni mo fi ń ṣe èyí. Títí di ọdún tí a wà yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù nípa ikú: kí n lọ, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja Nàfísátù, sì wà láyé kí wọ́n ṣì gbà pé mo ta nínú ẹran Iléyá tí wọ́n pa lórúkọ ìyá wa. Láti ìgbà tí Fáìzàh ọmọ mi ti wà ní pírámárì ni wọn kò ti jẹ ẹja tó ti ọwọ́ mi wá. Fáìzàh ti di abiyamọ báyìí. Ọ̀rọ̀ náà ti tán, mo sì dúpẹ́. Bó ṣe tán wà nísàlẹ̀, ní àyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pín ilé.

1. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Khalid, ọmọ Alhaja Nàfísátù, tó ń ta irin àti páànù ní Gbọ̀ngán, àti Olúwadùnsìn tí mo ti dárúkọ. Mo yan Khalid nítorí pé ní gbogbo ọdún tí èmi àti ìyá rẹ̀ kò fi bára wa sọ̀rọ̀ tó gún régé, òun ló ń gbé ìkíni lọ, tó ń gbé ìkíni bọ̀, kò sì fi iyọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè pín ogún.

2. Kí wọ́n sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí ilẹ̀ tó ṣú bó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n má pa màlúù. Bí Muideen ọmọ mi bá ní dandan ni kí òun pa nǹkan, kó lọ sí odò.

3. Ilé mi ní Ìkirè àti oko kòkó mi ní ọ̀nà Ìkòyí, kí àwọn àáfà pín in fún Muideen àti Fáìzàh bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀. N kò ní kọ nǹkan kan lé ohun tí Ọlọ́run ti pín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Mo mọ̀ pé Muideen ti ń wo yàrá iwájú fún ṣọ́ọ̀bù POS. Kó ṣe é. Ṣùgbọ́n kó má dí fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwú òun dúró ṣánṣán tàbí ó wọ́, ibẹ̀ ni kó gbé e lọ.

4. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti gbà lójú àáfà pé kí ohun èlò ọwọ́ mi lọ síbi tí mo bá ní kó lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Muideen. Kì í ṣe télọ̀, kò sì ní dà á láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, ó ki ìka bọ abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò rán òun mọ́ aṣọ. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn méjèèjì ti di ẹbí.

5. Ẹ̀mú onírin tí mo dè mọ́ etí tábìlì mi, àlùmọ́gàjí kékeré, òwú gbogbo, awọ ìgalà àti páálí tí mo kó ìyẹ́ àkùkọ sí, Fáìzàh ni mo fi wọ́n fún.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí lè má mọ ohun tí nǹkan wọ̀nyí wà fún. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní kòkòrò Sàláwù. Ìwọ̀ ẹja ni, tí a fi irun ẹran, ìyẹ́ adìyẹ àti òwú dì lára, tí ẹja yóò fi rò pé kòkòrò gidi ló bọ́ sómi. Titus ló mú un wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fa omi ní Aṣéjìrè, èmi ni mo sì ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun nígbà kan, ó kọ́ iṣẹ́, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹja láìlo ekòló. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń tú, ó gbé e wá fún mi pé kí n bá òun tún un ṣe, nítorí pé òwú ni iṣẹ́ mi. Mo tú u palẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà, n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Titus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n ṣáà di òmíràn.

Àkọ́kọ́ tí mo dì dà bí eku tí mọ́tò tẹ̀ pa. Ẹja sá fún un, àwọn ọmọ tó wà létí omi náà sá fún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kan ni ọwọ́ ń mọ iṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ nìyí, Fáìzàh, kó má baà jẹ́ pé ìwọ náà yóò ti orí eku bẹ̀rẹ̀.

Há ìwọ̀ náà mọ́ ẹnu ẹ̀mú kó le, nítorí ìwọ̀ tó bá ń mì kò jẹ́ kí ọwọ́ kan dúró. Kọ́kọ́ fi òwú lásán wé ara irin rẹ̀, kí irun tó kan án; irin ń yọ̀, òwú ni yóò di irun mú. Ya gbogbo irun wẹ́wẹ́ tó rọ̀ ní ìdí irun náà dànù, irun gígùn nìkan lo fẹ́. Irun tí o máa mú kò gbọdọ̀ ju iyọ̀ tí o máa fi ìka méjì bù sí ọbẹ̀ lọ. Ìwọ yóò rò pé ó kéré. Kò kéré. Fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́bàá ojú ìwọ̀ tí okùn ń gbà kọjá; ibẹ̀ ni mo ti ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́, mo máa ń dì í títí yóò fi dí ojú náà pa. Bó bá kan ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó ń dán kọjú síwájú, máa yí i kiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má jẹ́ kí ìkan gun orí ìkejì. Fa òwú náà títí tí ọkàn rẹ yóò fi sọ fún ọ pé ó fẹ́ já, kí o wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọmọ télọ̀ ni ọ́, ọwọ́ rẹ mọ ibẹ̀.

Bí a ṣe ń wé òwú náà kì í ṣe ọ̀dọ̀ Titus ni mo ti rí i. Ìyá wa, Fáìsátù, ló ń fi òwú kó irun fún àwọn obìnrin Àpòmù. Èmi ni mo máa ń di ìdì òwú mú fún wọn nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì ń wo bí òwú ṣe ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ìdí irun dé ṣóńṣó. Ohun tí n kò rí ni ìparí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi orí òwú pamọ́ kó má baà tú. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń rán mi lọ pọnmi wá fún oníbàárà. Nítorí náà, gbogbo kòkòrò tí mo dì ló lórí tí kò dúró. Mo fi kókó so ó, ó tú. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó tú nínú omi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìparí náà, iṣẹ́ ìyá wa ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa bèèrè ohun tó jẹ mọ́ ìwọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹja lẹ́nu mi?

6. Àkùkọ pupa mi àti àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ di ti Khalid. Kó má ṣe tu ìyẹ́ lára wọn láàyè. Bó bá pa èyíkéyìí jẹ pẹ̀lú bísímílà, kó kó ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fáìzàh kó tó da omi gbígbóná sí i, nítorí ìyẹ́ tí omi gbígbóná bá kàn ti bàjẹ́. Àkùkọ náà máa ń ṣán ẹni tó bá wọ funfun. Mo sọ fún un ṣáájú.

7. Férémù onídígí tó wà lára ògiri ọ́fíìsì Olúwadùnsìn ní Gbọ̀ngán kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ mi ló di ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Titus ló rà á, Olúwadùnsìn ọmọ Titus ló sì jogún rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ọmọ mi kankan má baà lọ máa bèèrè rẹ̀. Níbí ni mo sì ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi fi èrè irun kíkó ra àgbò Iléyá, wọ́n ní orúkọ ìyá wa ni kí á fi pa á. Gbogbo ọdún ni wọ́n fi kó owó rẹ̀ jọ. Àgbò náà pupa, irun ọrùn rẹ̀ gùn bọ́ sí àyà. Kí iná tó kan irun ara rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n gé ti ọrùn náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ ara wọn di orí rẹ̀ mú fún mi. Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹni tí ìyá wa fẹ́ràn jù ló ń gé irun àgbò ìyá wa.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo ti ra awọ ìgalà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì. Irun òun náà pupa. Mo dì nínú èyí, mo dì nínú tọ̀hún, mo da gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì kan. N kò ka iye tí mo dì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò bi mí. Lọ́jọ́ kan tí n kò sí nílé, Titus yà, ìyàwó mi Soliat sì bu díẹ̀ nínú agolo náà tà fún un. Lójú Soliat, irun ni irun. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Obìnrin tó ń bá mi ṣa irun ìgalà kúrò nínú irùngbọ̀n kí n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àáfà ṣe wáàsí ní Àpòmù pé ẹni tó bá ta nínú ẹran Iléyá rẹ̀, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe irun, kò ṣe Iléyá. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Soliat sì ti fi ayọ̀ sọ fún wọn pé Titus ti ń ra kòkòrò mi. Láti ibi wáàsí ni wọ́n ti wọkọ̀ wá sí Ìkirè. Wọ́n ní kí n gbé Kùránì, kí n búra pé irun àgbò ìyá wa kò sí nínú ohun tí wọ́n tà.

N kò lè búra. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ ni, ẹni tí kò sì mọ̀ kì í gbé Kùránì. A da agolo náà sílẹ̀, oríṣi méjèèjì ló kù nínú rẹ̀, ìyẹn kò sì fi ohun tó ti jáde hàn. Soliat ń sunkún pé òun kò wo ohun tí òun bù. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, wọ́n wá ní, “Ó dáa, Sàláwù. Mo ti gbọ́.” Wọ́n lọ. Ẹja tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e padà wá bó ṣe lọ, Khalid ló gbé e wá, kò lè wò mí lójú.

Kí ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí má rò pé ọ̀rọ̀ ẹja ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ohun tí wọ́n fi làágùn ọdún kan ṣe fún ìyá wa kò dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, àti pé èmi ni mo dí i lọ́nà. Mo gbé ìyẹn sùn, mo gbé e jí. Wọ́n ti gbé Titus lọ sí òkè Ọya níbi iṣẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, nígbà tó yá a gbọ́ pé ó ti kú. Mo gbà nígbà náà pé kò sẹ́ni tó lè dá mi láre mọ́ àfi lọ́run.

Lọ́dún yìí, mo ní kí Khalid wá agbẹjọ́rò kan fún mi nítorí ìwé yìí. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan ní Gbọ̀ngán. Mo wọlé, mo gbójú sókè láti kí agbẹjọ́rò obìnrin tó jókòó níbẹ̀, mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi nínú férémù lókè orí rẹ̀. Mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó ní, “Bàbá mi ló ni ín, sà. Wọ́n ní ó dára ju kí ẹja jẹ ẹ́ lọ. Gbogbo èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ télọ̀ náà ló wà níbẹ̀, wọn ò sọ ọ̀kan sómi rí.” Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní férémù náà. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kàn án pa, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Kò gbé e lé mi lọ́wọ́. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ gbé e wá sí Ìkirè, Khalid sì lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé àga sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí ọwọ́ mi ti kọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Inú irun ìgalà ṣófo, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ rì, yóò padà wá sókè. Irun àgbò ń mu omi, yóò sì rì. Mo bu omi sínú abọ́ tánganran funfun, mo sọ irun àgbò Iléyá ti ọdún yìí sí i, ó mu omi, ó rì. Mo sọ irun ìgalà sí i, ó léfòó. Mo tẹ̀ ẹ́, ó padà sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn rí i. Olúwadùnsìn wá tú ẹ̀yìn férémù náà, ó ń mú wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ léfòó. Èyí tó tẹ̀lé e léfòó. Wọ́n ń léfòó lọ bẹ́ẹ̀, àyà mi sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀kan rì gbuurugbu. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyẹn ńkọ́?” Mo yọ ọ́. Mo rí i pé orí rẹ̀ ti tú, bí gbogbo orí tí mo so láyé ìgbà náà ṣe máa ń tú, irun tó kù lára rẹ̀ kò tó gbé irin. Mo fi abẹ yọ irun náà kúrò lára ìwọ̀, mo da irun nìkan sójú omi.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dìde, tí wọ́n wọlé mi. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìka tiwọn ni wọ́n fi tẹ irun náà dé ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n dì í mọ́bẹ̀, wọ́n wá fi í sílẹ̀. Ó gòkè wá. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún gòkè. Wọ́n nu ìka wọn sára ìró, wọ́n ní, “Ìyá wa ti gba tiwọn.”

Mo sunkún, n kò sì tijú láti jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Khalid náà sunkún. Nígbà tí a ṣe tán, ẹ̀gbọ́n mi wò yíká, wọ́n bi mí pé ẹja dà. Ẹ wo ọ̀rọ̀: ní ọjọ́ tí mo ti ń retí láti ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹja kankan nílé Sàláwù Télọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Muideen fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Aṣéjìrè, mo sì mú ẹpìyà tó tó ọwọ́ méjì bọ̀. Wọ́n fi jẹ ẹ̀bà, wọ́n jẹ orí rẹ̀, wọ́n fa egungun rẹ̀ mu, wọ́n wá ní ata rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kí wọ́n tó padà sí Àpòmù, wọ́n mú èyí tó tú náà lórí tábìlì mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní irú ìparí rádaràda bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀mú mi. Fáìzàh, ìparí rẹ̀ nìyí: nígbà tó bá ku wíwé díẹ̀, ṣẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan po sí méjì, tẹ́ ẹ lélẹ̀, kí o wé òwú rẹ lé e lórí, kí o ki orí òwú náà bọ ihò okùn náà, kí o wá fa okùn náà gba abẹ́ òwú tí o ti wé jáde, kí orí òwú tẹ̀lé e, kí o gé èyí tó kù. Òwú ti di ara rẹ̀ mú, kò ní kókó, kò fẹ́ gọ́ọ̀mù. Bí ìyá wa ṣe ń parí irun nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí kòkòrò mi kankan tí orí rẹ̀ tún tú. Èyí tó rì ni mo kọ́kọ́ tún dì bẹ́ẹ̀, mo dá a padà sí àyè rẹ̀ nínú férémù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò mọ̀ pé òun ló dára jù níbẹ̀.

8. Agolo mílíìkì tí mo kó àwọn kòkòrò irun àgbò sí, Muideen àti Fáìzàh ni mo fi sílẹ̀ fún ní àpapọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé wọn kò burú. Nítorí pé wọ́n ń rì, obokun tó ń jẹ nísàlẹ̀ omi ni wọ́n wà fún. Èmi ni mo ń fẹ́ kí wọ́n léfòó ní dandan. Ẹ kò gbọdọ̀ ta ìkankan nínú wọn. Ẹ kò sì gbọdọ̀ ta ẹja tí ẹ bá fi wọ́n mú. Ẹ pín in bí a ṣe ń pín ẹran Iléyá: fún ilé, fún aládùúgbò, fún aláìní. Ẹ dárúkọ Fáìsátù nígbà tí ẹ bá ń pín in.

9. Ilẹ̀ mi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá wa ní Àpòmù, mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n mi, Alhaja Nàfísátù, gbà á. Òòyà ìyá wa tí mo fi ń ya irun ìgalà ti wà lọ́wọ́ wọn; mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n sì tún un fọ̀. Ilẹ̀ náà ló kù.

A ti ka ẹsẹ̀ yìí sétí wọn nígbà tí Olúwadùnsìn ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ni. Agbẹjọ́rò náà kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn pé òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí jogún nínú ìwé tó jẹ́rìí sí. Wọ́n ní láti mú ọ̀kan, bóyá ilẹ̀, bóyá ẹ̀rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dára ni, ojú ọ̀nà ló wà, ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní, “Ọjọ́ tó o nílò ẹni tó máa jẹ́rìí rẹ, Sàláwù, èmi ni mo dìde tí mo lọ. Fa ilẹ̀ yẹn rẹ́.”

Mo fà á rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà, ìyẹn ni gbogbo wàhálà wa láti ilẹ̀, òun náà sì ni adùn wa. Nítorí náà, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìyá wa di ti Khalid, ọmọ wọn. Mo ti bi agbẹjọ́rò, ó ní òfin kò kọ èyí. Kí ẹ̀gbọ́n mi má rò pé àwọn nìkan ló gbọ́n nínú ọmọ Fáìsátù.

N kò ní ohun mìíràn láti pín. Mo ti ka ìwé yìí láti òkè délẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ara tó rọ̀ mí, ní ilé mi ní Ìkirè, lójú fèrèsé, ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ẹni tó ni ìwé: Sàláwù Àkànbí Gàrúbà (ó fọwọ́ sí i)

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n wà níbẹ̀ papọ̀, tí wọ́n sì rí i nígbà tó fọwọ́ sí i:

Olúgbémi, akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, Gbọ̀ngán (ó fọwọ́ sí i)

Alhaja Nàfísátù, ọmọ Fáìsátù, onírun kíkó, Àpòmù (wọ́n tẹ̀ka). Wọ́n ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìka wọn, a sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: Mo fi ìka mi tẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ àbúrò mi mọ́.